Ìwé Ẹjọ́ Àwọn Agbágọ́ọ̀fù

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju ọ̀pá gọ́ọ̀fù lọ, èmi ni mo máa ń ka èébú àwọn ọ̀mọ̀wé sétí bàbá mi ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní agbègbè Òjó, Ìbà àti Òkokomáìkò lè rántí pápá gọ́ọ̀fù kan tó wà nínú ọgbà yunifásítì nígbà náà. Ihò mẹ́sàn-án péré ló ní. Ẹni tó bá fẹ́ gbá ihò méjìdínlógún yóò yí i po lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì bá àwọn ewúrẹ́ kan náà pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi ni olùtọ́jú pápá yìí. Òun ló ń gé koríko, òun ló ń lé ewúrẹ́, òun ló sì ń ṣe bráùn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bráùn fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ní pápá àwọn olówó, koríko wẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ́ bíi kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń gbìn yí ihò ká, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń rọra ti bọ́ọ̀lù kó lè wọlé. Koríko yẹn ń fẹ́ ìtọ́jú bí ọmọ tuntun. Tiwa jẹ́ yanrìn tí a fi ọ́ìlì pò, tí a sì tẹ́ bí ẹní. Nítorí àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní bráùn. Ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì Òkokomáìkò ni bàbá mi ti ń lọ bu ọ́ìlì náà, èyí tó ti dúdú, tí wọ́n tú dànù lára ọkọ̀. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ nínú yanrìn, ilẹ̀ á le, bọ́ọ̀lù á máa sáré. Bí yanrìn bá pọ̀, bọ́ọ̀lù á máa wọ́ bí ìgbín. Bàbá mi mọ ìwọ̀n rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Màámi ṣe mọ ìwọ̀n iyọ̀ inú ọbẹ̀.

Ilé wa ní Ìbà, yàrá kan àti pálọ̀, ń rùn bí ìsọ̀ mẹkáníìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Èmi ni mo ń fọ aṣọ iṣẹ́ bàbá mi. Kẹrosíìnì ni mo kọ́kọ́ máa ń fi pa á, kí n tó fi ọṣẹ sí i. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn kẹrosíìnì, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Ìjọ aláṣọ funfun là ń lọ, ẹ sì mọ ohun tí ọ́ìlì ń ṣe fún aṣọ funfun. Bàbá mi á wẹ̀, á fi kànrìnkàn họ ara rẹ̀ títí, síbẹ̀ ọ́ìlì á ṣẹ́ kù lábẹ́ èékánná. Lọ́jọ́ kan tó fẹ́ gbé àbẹ́là, wòlíì ìjọ wa wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Bàbá Ṣadé, ṣé ẹ̀yin lẹ tún kẹ̀kẹ́ iná Èlíjà ṣe kó tó gbéra ni?” Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Bàbá mi pẹ̀lú rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé àbẹ́là mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí èébú. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹgbẹ́ àwọn agbágọ́ọ̀fù, tábìlì kan wà tí ìwé ńlá kan wà lórí rẹ̀. Wọ́n fi okùn so bírò mọ́ ọn, kí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan má baà ṣèèṣì gbé e sápò. Ẹnikẹ́ni tó bá gbá bọ́ọ̀lù tán ní Sátidé lè kọ èrò rẹ̀ nípa pápá sínú ìwé náà. Ní ìrọ̀lẹ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ á gbé ìwé fún bàbá mi pé kó lọ kà á, kó sì tún gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ ṣe kí Sátidé mìíràn tó dé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Bàbá mi ń ka Bíbélì Yorùbá bí ẹni mu omi, ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ rẹ̀ nìkan ló lè kà. Nínú gbogbo àwọn olùkọ́ àgbà wọ̀nyẹn, tí wọ́n ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ dán ọmọ ọlọ́mọ wò bóyá ó mọ̀wé, kò sí ẹnì kan tó bi í bóyá ó lè ka ìwé wọn. Òun náà kò sọ. Ó ní, “Bí mo bá sọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní gbàgbé.”

Nítorí náà, bí a bá ti jẹ ìrẹsì ọjọ́ Ìsinmi tán, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbá tẹńtẹ́ẹ̀nì lójúde, tí mo ń gbọ́ àtẹ́wọ́ wọn, èmi á jókòó sórí ẹní, bàbá mi á jókòó sórí àpótí, mo á máa túmọ̀. Ìwé ẹjọ́ ló ń pè é. “Ṣadé, gbé ìwé ẹjọ́ wá, ká mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.”

Àwọn mẹ́ta ni olùpẹjọ́ pàtàkì inú ìwé náà. Èkíní ni Ọ̀jọ̀gbọ́n, alága ẹgbẹ́, tí ṣòkòtò rẹ̀ máa ń funfun ju ti wòlíì wa lọ. Èkejì ni Ọ̀gá Kọ́sítọ́ọ̀mù, ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní ẹ́sítéètì Ìbà. Ẹ̀kẹta ni Lọ́yà, tó ń wá láti Òjó, tí kì í kọ gbólóhùn kan láìjẹ́ pé ó fi “láìsí àní-àní” sí i.

Ọ̀jọ̀gbọ́n á kọ ọ́ pé, “Bráùn kejì ń sáré jù. Bọ́ọ̀lù mi kọjá ihò lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tí kò mọ̀ mí.” Bàbá mi á bu yanrìn kún un. Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá Kọ́sítọ́ọ̀mù á kọ ọ́ pé, “Bráùn kejì ń lọ́ra bíi fáìlì ní ọ́fíìsì ìjọba.” Ẹni tó mọ̀ nípa fáìlì tó ń lọ́ra ló sọ ọ́. Bàbá mi á tún gba Òkokomáìkò lọ bu ọ́ìlì. Lọ́yà kọ ọ́ pé igi kajú tó wà ní ihò karùn-ún mọ̀ọ́mọ̀ ń dábùú bọ́ọ̀lù òun, láìsí àní-àní. Bàbá mi gun igi, ó gé ẹ̀ka rẹ̀ méjì. Lọ́sẹ̀ kejì, Lọ́yà kan náà kọ ọ́ pé, “Ta ni òpònú tó gé ibòji wa?”

Bí mo bá ní, “Bàámi, àwọn èèyàn yìí ń tako ara wọn,” á mi orí. Á ní, “Ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàdédé fi bírò ṣòfò. Ohun kan wà tí wọ́n rí.” Lọ́sẹ̀ kan, ó po bráùn kejì lẹ́ẹ̀mẹrin nítorí ẹnu mẹ́rin. Nígbà tó di Sátidé, ọ́ìlì ti pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ̀ ṣubú, ó fi ìdí lélẹ̀. Ṣòkòtò funfun yẹn kò tún funfun mọ́. Mo mọ̀ nítorí ilé wa ni wọ́n gbé e wá, kí n fi kẹrosíìnì pa á.

Ẹnì kan ṣoṣo ló yàtọ̀ láàrin wọn. Màmá Láìbìrì là ń pè wọ́n, nítorí ilé ìkàwé yunifásítì ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti dàgbà, wọ́n ń rọra rìn, àwọn ló sì máa ń kẹ́yìn nínú ìdíje gbogbo. Ohun tí wọ́n ń kọ kì í ju ìlà kan lọ: “Ẹ ṣeun fún bráùn kẹrin.” Tàbí, “Okùn àsíá ihò kejì ti fẹ́ já.” Bàbá mi á tún un ṣe, Màmá á sì dúpẹ́ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Bàbá mi fẹ́ràn ìlà kan yẹn ju odidi ojú ìwé Lọ́yà lọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Ọ̀gá Kọ́sítọ́ọ̀mù ti kọ ọ́ pé ewúrẹ́ ló yẹ kí wọ́n fi ṣe olùtọ́jú pápá, nítorí ewúrẹ́ ní làákàyè ju ẹni tó wà níbẹ̀ lọ. Ọmọdé ni mí, mo kà á bó ṣe wà. Mo wí i ketekete, mo tilẹ̀ fi ohùn Ọ̀gá Kọ́sítọ́ọ̀mù sọ ọ́. Ojú bàbá mi yí padà. “Èmi ni ìwọ Ṣadé ń fi wé ewúrẹ́?” Ó ní kí n fi ìka kan kanlẹ̀, kí n gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Màámi yọrí láti ìdí máṣíìnì tí wọ́n fi ń ránṣọ, wọ́n ní, “Bàbá Ṣadé, ṣé òun ló kọ ọ́ ni?” Ó ní, “Ṣé ẹnu Kọ́sítọ́ọ̀mù ni mo ti gbọ́ ọ ni?” Mo wà níbẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi sún sí mi lójú. Ọjọ́ náà ni mo kọ́ bí a ṣe ń fo ìlà.

Ní àkókò ìsinmi ilé ìwé, mo tẹ̀ lé bàbá mi lọ síbi iṣẹ́, mo sì rí ohun tó sọ mí di ọlọ́gbọ́n lójú ara mi. Lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìwé ẹjọ́, ni wọ́n máa ń lẹ èsì ìdíje mọ́. Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tí ìgbá rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù kó tó parí ihò, bá kéré jù ló borí. Mo wo èsì, mo wo ìwé ẹjọ́, mo tún wo èsì. Ẹni tó bá borí á kọ ọ́ pé pápá dára bí ọgbà Édẹ́nì. Ẹni tó bá fìdí rẹmi á kọ ọ́ pé bráùn wọ́, pé koríko ga, pé olùtọ́jú pápá ya ọ̀lẹ. Ní Sátidé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n borí, ó kọ ọ́ pé bráùn kejì “kò lẹ́gbẹ́.” Bráùn tó gbé e ṣubú yẹn ni o, bàbá mi kò sì tíì fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ náà. Mo wá ṣòfin fún ara mi: ẹni tó bá borí ni kí n ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tó bá fìdí rẹmi, irọ́ ló ń pa.

Ìgbà tí mo ṣòfin yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ di ti iṣẹ́ bàbá mi. Alága pè é síwájú ìgbìmọ̀, ó ní ẹ̀sùn pọ̀ jù nínú ìwé. Bí kò bá dín kù kí òjò ọdún náà tó dá, àwọn yóò gbé pápá fún kọntirakítọ̀ kan láti ìgboro Èkó, tó ní irúgbìn koríko tòótọ́. Iṣẹ́ yẹn ni a fi ń jẹun, òun ló ń rán mi lọ sílé ìwé. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í jí ṣáájú àlùfáà tó ń pe ìrun. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Mo rí i bí Màámi ṣe ń fi àdí pa á lẹ́yìn, mo sì pinnu pé n kò ní ka irọ́ kankan sí i létí mọ́.

Ó kàn yani lẹ́nu pé pápá náà dára sí i! Bàbá mi kò po bráùn kejì mọ́, bráùn kejì sì fara balẹ̀. Kò gé igi mọ́, igi yọ ewé. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀sùn dín kù. Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín lórí àpótí rẹ̀. “Ó jọ pé wọ́n ti ń rí iṣẹ́ wa.” Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo ti yọ bàbá mi lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni mo kan ọ̀rọ̀ Màmá Láìbìrì. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n kọ ju ìlà kan lọ: “Ní ihò keje, lápá òsì, òjò ti gbẹ́ kòtò sábẹ́ koríko. Kò hàn sójú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dí i.” Mo rántí èsì ara ògiri. Màmá ló kẹ́yìn, ìgbá wọn sì pọ̀ ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Òfin mi ti dá ẹjọ́. Mo ṣí ojú ìwé tó kàn.

Bàbá mi ní, “Màmá ńkọ́? Wọn ò kọ nǹkan kan fún wa?”

Mo ní, “Wọ́n ní àwọn kí yín, Bàámi.”

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí Ọlọ́run dá wọn sí.

Ní Sátidé, èmi ni mo gbé èbà àti ọbẹ̀ ilá lọ fún bàbá mi lórí pápá. Kí n tó débẹ̀, mo gbọ́ ariwo láti ihò keje. Nígbà tí mo débẹ̀, Ọ̀gá Kọ́sítọ́ọ̀mù àti Lọ́yà ti gbé Màmá Láìbìrì sórí àga kan, ẹsẹ̀ wọn òsì sì ti yí síbi tí ẹsẹ̀ kì í yí sí. Bàbá mi kúnlẹ̀ síwájú wọn, ó ń mú bàtà wọn dání. Màmá kò pariwo. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń tún sọ, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé: “Mo rò pé ẹ ti dí i. Ohun tí mo bá kọ, ẹ kì í fi í sílẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe gba ibẹ̀.”

Bí ọkọ̀ ṣe gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, ìgbìmọ̀ péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alága ṣí ìwé, ó ka ọ̀rọ̀ Màmá sókè lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó yí ìwé náà sí bàbá mi. “Ṣé o rí èyí àbí o ò rí i?” Ó kéré sí bàbá mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n “o” ló pè é. Bàbá mi wo ojú ìwé náà bí ẹni ń wo ojú ọ̀nà ìlú tí kò dé rí. Lẹ́yìn náà ó wò mí. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri pẹ̀lú abọ́ èbà lọ́wọ́, ilá sì ti ń ṣàn sí mi lápá. Ó yí padà sí wọn.

“Mo rí i, sà. Ìgbàgbé ni.”

Lọ́yà ní, “Ó ti jẹ́wọ́, láìsí àní-àní.”

Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n fún un ní lẹ́tà. Kò fi han ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Ó gbé e wálé, ó jókòó sórí àpótí, ó nà án sí mi. Màámi dá máṣíìnì dúró.

Ó ní, “Kà á. Má fo nǹkan kan.”

Mo kà á. Mo ka ibi tí wọ́n ti ní kò náání iṣẹ́ rẹ̀, mo ka ibi tí wọ́n ti ní ó jẹ́ ewu fún ẹ̀mí èèyàn, mo ka ibi tí wọ́n ti ní kó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Nígbà tí omijé dí mi lọ́nà, ó dúró dè mí. Nígbà tí mo parí, ó béèrè pé, “Ó tán?” Mo ní ó tán. Ó ní, “Báyìí ni wọ́n ṣe ń kàwé.” Kò nà mí. Kò ní kí n fi ìka kanlẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ti fi pankẹ́rẹ́ nà rí yóò mọ̀ pé ó sàn kó nà mí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Màámi mú mi lọ kí Màmá Láìbìrì. Wọ́n wà lórí ibùsùn, wọ́n fi sìmẹ́ńtì di ẹsẹ̀ wọn. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n bi mí léèrè.

“Kí ló dé tí o fi fo tèmi?”

“Ẹ̀yin lẹ kẹ́yìn, mà.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dùn wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n dá a dúró. Wọ́n ní, “Ọmọ yìí, ẹni tó kẹ́yìn ló ń fara balẹ̀ wo ilẹ̀.” Wọ́n kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n gba bàbá mi padà. Ìgbìmọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì gbà á. Kọntirakítọ̀ ti dé.

Bàbá mi lọ ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Ọ̀tọ̀-Àwórì. Yanrìn náà ni, sìmẹ́ńtì ló rọ́pò ọ́ìlì. Koríko tòótọ́ ti kọntirakítọ̀ gbẹ kí ọyẹ́ tó tán, ó pọ́n bí irun ajá. Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ fún wa pé Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹjọ́ pé, “Níbo ni bàbá tó ń ṣe bráùn wa wà?” Mo sọ ọ́ fún bàbá mi. Ó ní kí n bá òun gbé omi wá.

Láìpẹ́ yìí mo padà dé pápá náà. Wọ́n ti kun ilé ẹgbẹ́, kò sí tábìlì, kò sí bírò. Orí fóònù ni àwọn agbágọ́ọ̀fù ti ń sọ èrò wọn báyìí, ìràwọ̀ ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n rẹ̀. Mo jókòó, mo kà á. Ẹnì kan fún pápá ní ìràwọ̀ márùn-ún, ó ní ẹja yíyan wọn dùn. Ẹnì kan fún un ní ẹyọ kan, ó ní bọ́ọ̀lù òun sọ nù. Ẹ̀kẹta fún un ní mẹ́rin, ó wá fi kún un pé òun kò tíì débẹ̀ rí. Láàrin gbogbo ìyẹn, mo rí ọ̀rọ̀ kan tí èèyàn mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti kọ: omi ń dúró sí ihò kẹta, ó ti ń rùn.

Mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fi ṣe máníjà. Ó gboyè méjì, ó ní fóònù méjì. Mo fi ọ̀rọ̀ náà hàn án.

“Ṣé ẹ rí èyí?”

“A rí i, mà. Gbogbo rẹ̀ pátá là ń kà.”

“Kí lẹ wá ṣe sí i?”

“A dá wọn lóhùn, mà. A ní wọ́n ṣeun.”

Mo rìn dé ihò kẹta. Nígbà tiwa, ẹni tí kò lè ka ìwé wọn kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ láìṣe, àfi èyí tí mo bá fi pa mọ́ fún un. Lónìí, wọ́n kà á láìfo ìlà kan. Omi náà dé mi ní ọrùn ẹsẹ̀.